Bàbá Arúgbó Inú Rédíò

Ní àwọn ọdún tí nǹkan le yẹn, ohùn méjì ni ọkọ mi ní. Èkíní ni èyí tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé girama ní ìṣirò ní Àkúrẹ́, ohùn pẹ̀lẹ́ tí kì í lọ sókè. Èkejì ni ohùn bàbá arúgbó kan tó máa ń gbé jáde lórí rédíò láràárọ̀ Sátidé, bàbá Oǹdó tí eyín iwájú rẹ̀ ti yọ, tó máa ń wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, tó sì ń gbé korobá kiri ìlú. Àwọn èèyàn fẹ́ràn èkejì ju èkíní lọ. Tí a bá ń lọ lójú ọ̀nà, àwọn tó dàgbà jù ú lọ á máa pè é ní Bàbá, ọkùnrin tí kò tíì ní ewú kan lórí.

Ọmọ Ìkàrẹ́ ni èmi. Iṣẹ́ ọba ló gbé mi dé Àkúrẹ́, ìgbéyàwó ló sì gbé mi dé Oǹdó, níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí n kò gbọ́ fún bí ọdún mélòó kan. Tí ìyá ọkọ mi bá ti ń bínú, Oǹdó rẹ̀ a máa yára kọjá etí mi. Nítorí náà, bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn sí ni mo ṣe máa kọ ọ́ síbí. Bí ọmọ Oǹdó kan bá kà á, tó ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́, kó foríjì mí, kó sì lọ kọ tirẹ̀.

Àwọn ológun ló ń ṣèjọba. Mílíìkì ti kúrò lórí tábìlì wa, ṣúgà sì ti tẹ̀lé e. Àwọn olùkọ́ tó ní mọ́tò gbé e sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ tí wọ́n ń kọ́. Ọ̀nà Ọ̀dà ní Àkúrẹ́ là ń gbé nígbà náà, nínú ilé tí ẹ̀rọ omi wà níwájú rẹ̀, tí aláǹtakùn sì ti ta sí i lẹ́nu. Omi kànga là ń pọn. Tí kànga bá gbẹ, a ó gbé korobá lọ sí Ìjàpọ̀, níbi tí ọ̀gá mi kan ti ní kànga tó jìn. A ó kí ìyàwó rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi, a ó tún kí i nígbà tí a bá ń lọ. Ìkíni yẹn a máa rẹ̀ mí ju omi fífà lọ.

Ibi omi yìí ni bàbá arúgbó ti wáyé. Ní gbogbo Sátidé, yóò gbé korobá rẹ̀, yóò wọ ọ́fíìsì kan tàbí òmíràn, yóò kí gbogbo èèyàn tán, yóò wá béèrè pé níbo ni omi wà. Wọn á fi í ránṣẹ́ sí yàrá kejì. Ètò náà kò gùn, iṣu tí o bá gbé kaná nígbà tó bẹ̀rẹ̀ kò ní tíì jiná nígbà tó bá parí. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò wa, wọ́n á ti gbé rédíò jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wàá sì gbọ́ ikọ́ ọkọ mi láti ojúlé dé ojúlé.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí omi, wọ́n sì fi ọkùnrin kan ṣe olórí rẹ̀. Alága ni gbogbo èèyàn ń pè é, bẹ́ẹ̀ náà ni èmi á ṣe pè é. Ọmọ Oǹdó ni, àdúgbò kan náà ni òun àti ọkọ mi ti wá, ilé bàbá rẹ̀ kò sì jìnnà sí ti ìyá ọkọ mi. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi tuntun kan ní àdúgbò náà tìlù tìfọn. Omi ń ṣàn nígbà tí Alága ń sọ̀rọ̀, àwọn obìnrin ń jó. Kí wọ́n tó pín ìrẹsì tán, omi ti dá. Àwọn tó lọ yọjú sẹ́yìn rí táńkà tó ń padà lọ.

Bàbá arúgbó gbé ọ̀rọ̀ yẹn dé orí rédíò ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ọkọ mi kò sì fi mọ síbi táńkà. Ó sọ̀rọ̀ kan ikùn Alága. Ó ní ìkòkò omi tí ìlú ń wá kiri, ó wà níbẹ̀ lábẹ́ agbádá, ó ń rìn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìyá ọkọ mi kò rẹ́rìn-ín. Ó wọkọ̀ wá láti Oǹdó ní ọjọ́ Mọ́ńdè, kò sì gba omi tí mo gbé fún un. Obìnrin kúkúrú ni, ọmọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ní Áńgílíkà, ó ti ta aṣọ títí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó jókòó, ó tú gèlè rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

“Ṣé ikùn ọkùnrin yẹn ló dí páìpù?” ni ó béèrè.

Ọkọ mi ní rárá, mà.

“Kí ni ikùn rẹ̀ wá ṣe fún ọ?”

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nípa ọjọ́ orin ní àdúgbò wọn. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wọ́n máa ń lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó bá ṣe ohun tí kò dára fún gbogbo wọn, ì báà jẹ́ ìjòyè, ì báà jẹ́ olówó, wọn á sì fi orin sọ ọ́ sí i lójú. Ojúmọmọ ni, ojú akọrin kò sì gbọdọ̀ bò. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara ẹni tí wọ́n ń kọrin sí, tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ló dá ara rẹ̀. Onílé á dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi kọ ọ́ tán, á sì fún wọn ní obì àti omi. Tí oòrùn bá ti wọ̀, ó parí. Ẹnìkan kò gbọdọ̀ fìyà jẹ akọrin, akọrin náà kò sì gbọdọ̀ tún orin náà kọ títí ọdún á fi yí po. Tí ọdún bá yí po tí onílé kò tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, wọ́n á padà lọ kọ ọ́, wọ́n á sì fi ẹsẹ kan kún un.

“Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́ sí bàbá tó bí bàbá rẹ,” ni ìyá wí fún ọmọ rẹ̀. “Ìwọ lọ jókòó sínú yàrá ní Àkúrẹ́, o ń bú ikùn èèyàn tí kò lè dá ọ lóhùn.” Lẹ́yìn náà ló gba omi, ó mu ún, ó sì béèrè ohun tí a máa jẹ.

Ọkọ mi gba ẹ̀kọ́ náà. Láti Sátidé tó tẹ̀lé e lọ, bàbá arúgbó di ọlọ́wọ̀ èèyàn. Gbogbo ibi tó bá dé ló ti ń ṣàdúrà fún Alága. Ó ní, “Ọlọ́run á fún Alága wa ní ẹ̀mí gígùn, kó lè rí ọjọ́ tí omi máa dé.” Ó kí Alága kú iṣẹ́ táńkà. Ó ní kí wọ́n bá òun bẹ Alága kó máa wá sọ̀rọ̀ ní Oǹdó lójoojúmọ́, nítorí ìgbà tó bá ń sọ̀rọ̀ nìkan ni omi máa ń yọ. Kò sí èébú kan níbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà wá dun Alága. Nígbà tí wọ́n ń bú ikùn rẹ̀, ó lè bínú kí àwọn èèyàn bá a kẹ́dùn. Ta ni ó máa fẹjọ́ àdúrà sùn?

Láìpẹ́, Alága pe ìpàdé ńlá kan ní gbọ̀ngàn kan ní Àkúrẹ́, lórí bí ó ṣe yẹ ká máa sọ̀rọ̀ láwùjọ. Wọ́n pe àwọn oníròyìn, àwọn àlùfáà, àwọn olórí ilé-ìwé. Láti ọ́fíìsì wa, wọ́n kó àwa akọ̀wé lọ láti kún àga. Mo jókòó lẹ́yìn, mo sì gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ní èébú ti pọ̀ jù lẹ́nu wa, pé ọmọ kò kí àgbà mọ́, pé bí a bá ń fi ẹnu ba ara wa jẹ́ kò sí ohun tí a lè jọ kọ́. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Èmi tí mò ń wọkọ̀ lójoojúmọ́, tí mò ń gbọ́ ohun tí awakọ̀ ń sọ sí ìyá arúgbó tí kò tètè sọ̀kalẹ̀, kí ni mo fẹ́ jiyàn sí? Ohun tó bí mi nínú ni pé ojú kan péré ló ń wò ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, ibi tí ọ̀gá rédíò jókòó sí. Kò sì dárúkọ omi rárá.

Ọ̀gá rédíò pe ọkọ mi ní ọjọ́ kejì. Ó ní kó lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Alága, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ètò náà dópin. Ọkọ mi padà wálé, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà láì bọ́ bàtà. Ẹ gbọ́ ohun tí ètò náà jẹ́ fún un. Ilé-ìwé tí ó ti ń kọ́ni kò ní ṣọ́ọ̀kì. Àwọn ọmọ tó mọ ìṣirò jù ń fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ sóko ní Ìta-Ògbólú, nítorí oko ní oúnjẹ. Àárọ̀ Sátidé nìkan ni ibi tí ó ti ń ṣe ohun kan tí ó ń rí i pé ó dé ibi tó ń lọ. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá gba ohùn bàbá arúgbó lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó kù kò ní pẹ́ di ohùn ẹni tó ti rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí.

Ìyá rẹ̀ ló rí ọ̀nà àbáyọ. Ọjọ́ orin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó ní kí ọmọ òun má tọrọ àforíjì lórí òtítọ́, kó wá kọ ọ́ sí Alága lójú gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé, nítorí ẹni tó bá ti kọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ẹni tó tún lè fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ gbogbo wa. Mo tilẹ̀ ra bàtà tuntun.

A lọ. Èrò pọ̀ níwájú ilé Alága, àwọn tó mọ bàbá arúgbó nínú rédíò fẹ́ rí ẹnu tí ohùn náà ti ń jáde. Alága jáde sí wa fúnra rẹ̀ nínú bùbá funfun. Ó dúró nínú oòrùn, ó káwọ́ sẹ́yìn. Ọkọ mi gbé korobá dání, ó wúkọ́, ó sì kọ orin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ̀rọ tuntun, ọ̀rọ̀ sísọ, ijó, ìrẹsì, táńkà, àti àdúrà ẹ̀mí gígùn. Àwọn èèyàn ń gbè é. Alága kò gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì jókòó. Nígbà tó parí, ìyàwó rẹ̀ gbé obì jáde àti omi tútù láti inú fíríìjì. Alága fọwọ́ ara rẹ̀ bu omi fún ọkọ mi. “O ṣeun,” ló wí. “O kọ ọ́ dáadáa.”

A padà sílé ìyá ọkọ mi tayọ̀tayọ̀. Wọ́n gún iyán. Mo rò lọ́kàn mi pé báyìí ló yẹ kí ìlú rí, kí a máa sọ ọ́ sí ara wa lójú kí a sì jọ mumi. Mo sọ ọ́ jáde pàápàá, wọ́n sì ṣe àmín.

Ní Sátidé, a tan rédíò. Orin ìyìn ló ń lọ. A dúró dúró, orin mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi kúkú wọ bàtà lọ bá ọ̀gá rédíò. Ọ̀gá náà fi inú rere gbà á, ó ní kò sí ẹjọ́ mọ́, kò sì sí pé kó tún lọ tọrọ àforíjì. Alága fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ wọ́n láago. Ó ní arákùnrin òun ti wá kọrin náà lẹ́nu ọ̀nà òun, òun sì ti fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí àṣà àdúgbò àwọn, orin tí wọ́n bá ti kọ, kò gbọdọ̀ tún jáde títí ọdún á fi yí po. Òun kò sì fẹ́ kí ọmọ ilé àwọn rú òfin ilé, nítorí náà kí bàbá arúgbó sinmi títí dìgbà náà.

Inú bí mi débi pé mo ń fọ àwo tó ti mọ́. Ìyá ọkọ mi, nígbà tí a dé Oǹdó lọ sọ fún un, tú gèlè rẹ̀, ó tún un wé. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ó mọ òfin náà jù mí lọ.” Ọkọ mi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ó ní nínú gbogbo ohun tí Alága ti ṣe láti ìgbà tó ti dé ipò, èyí nìkan ló parí.

Ẹ̀rín náà kò tọ́jọ́. Láàárín ọdún yẹn, ó ń ti ilé-ìwé dé, ó ń sùn. Àwọn èèyàn ń béèrè Bàbá lọ́wọ́ mi, mo ń sọ pé ó wà. Wọ́n gbé ọkùnrin mìíràn sí àárọ̀ Sátidé, ẹlẹ́nu mímú kan. Ó bú ikùn Alága, ó bú orí rẹ̀, nígbà tó sì yá ó bú ìyá tó bí i. Kò fìgbà kan dárúkọ omi. Wọn kò dá a dúró. Mo retí kí Alága tún pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ tó yẹ láwùjọ, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ọdún yí po. Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ sí wa pé omi kò tíì dé, pé kí ọmọ òun lọ wá ẹsẹ kan tó máa fi kún un. Ọkọ mi ní òun kò lọ, ó ti sú òun. Mo sọ fún un pé tó bá jẹ́ pé èmi ni mo máa gbé korobá yẹn tí mo sì máa fi Ìkàrẹ́ kọ ọ́, orin náà máa jáde. Ó wò mí, ó rí i pé n kò ṣe àwàdà, ó sì lọ gbé korobá.

Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà Alága, ilẹ̀kùn wà ní títì. Aṣọ́lé ní Alága ti lọ sí Èkó, òun àti ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ó tún ti lo òfin náà fún wa. Wọn kì í kọrin sí ilẹ̀kùn títì, ojú ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, àfi tí àgbà kan nínú ilé bá ṣílẹ̀kùn tó sì dúró fún ilé. Tí oòrùn bá wọ̀ tí ẹnìkan kò ṣí i, ó di ọdún mìíràn. Àwọn èèyàn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Òjìji ilé náà ń gùn bọ̀ wá bá wa. Àwọn kan ti ń dìde lọ sílé, ọkọ mi sì ti gbé korobá rẹ̀ dojú bolẹ̀.

Ìyá ọkọ mi dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà náà. Ó kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

“Àgò ulé o,” ni ó wí; ulé ni Oǹdó ń pe ilé.

Kò sí ìdáhùn. Ó tún un sọ, ní ohùn tí èèyàn fi ń kí aládùúgbò tó ń ṣàìsàn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, a gbọ́ tí ọ̀pá ń kanlẹ̀ nínú ilé, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Ìyá Alága ló jáde, obìnrin tó ti darúgbó débi pé a rò pé kò mọ ohun tó ń lọ mọ́. Ó wo gbogbo wa.

“Kí lẹ wá ṣe?”

“Orin ni, ìyá,” ni ìyá ọkọ mi wí. “Ti ọmọ yín ni.”

Aṣọ́lé gbé àga wá. Ìyá náà ní kó gbé e kúrò, pé wọn kì í jókòó gbọ́ ọ. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ní kí a máa kọ ọ́.

Ọkọ mi wúkọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ikọ́ yẹn, omi sì lé sí mi lójú kí ó tó la ẹnu. Ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe kọ ọ́ lọ́dún tó kọjá, ó wá fi ẹsẹ tuntun kún un, pé Alága kì í ṣe ẹni tí kò fẹ́ràn wa, ó kàn lọ sí Èkó lọ bá wa bẹ omi ni, kí ẹnìkan má bínú sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ nítorí ìyá tó dúró níwájú rẹ̀. Ìyá náà gbọ́ ọ dé òpin.

“Kò sí omi nínú ulé yìí náà,” ni ó wí nígbà tó yá. “Tí ọmọ mi bá ti rìnrìn àjò, táńkà kì í wá mọ́. Mo ní obì, n kò ní omi tí màá fi tẹ̀lé e. Ẹ má bínú.”

Ẹnìkan kò rẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ mi gba obì náà lórí ìkúnlẹ̀.

Ìyá arúgbó náà kò tíì wọlé. Ojú ọkọ mi ló ń wò. “Ìwọ ni bàbá tó máa ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò yẹn?”

“Èmi ni, mà.”

“Ẹni tó wà níbẹ̀ báyìí, èmi ló ń bú, n kò sì mọ̀ ọ́n.” Ó na ọ̀pá rẹ̀ sí ọkọ mi. “A rò pé ìwọ ti kú. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà fún ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ọkọ mi gbé korobá rẹ̀ nílẹ̀, ó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀ bí àgbàlagbà, ó sì fi ohùn bàbá náà dá a lóhùn.

“N kò kú o, ìyá. Omi ni mo wá lọ.”